Ibodè Òkè-Ugbá

"Ẹ tún un tì," ni Ọlọ́jà, olórí ìlú wa, wí.

A tún un tì. Èmi àti àwọn ọmọ Ọlọ́jà méjì gbé èjìká lé ilẹ̀kùn ibodè náà, a fi gbogbo agbára wa tì í, kò mì. Ìtàkùn ti ta bò ó láti òkè délẹ̀, ẹyẹ sì ti kọ́ ìtẹ́ sí igun rẹ̀ lókè. Ohun tó yẹ kó yà wá lẹ́nu ni pé kí ló dé tí a fi ń tì í rárá. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni gbogbo ìlú fi ń sọ ọ́ pé ilẹ̀kùn yìí ṣí sílẹ̀ gbayawu lóru tí ogun wọ Òkè-Ugbá, ìlú wa àtijọ́, pé Ògúnyọmí tó ń ṣọ́ ọ ló yọ ọ̀pá ìdábùú rẹ̀ fún ọ̀tá, tó sì bá wọn lọ. Orí odi ni àwa gbà sá nínú òkùnkùn, ẹnikẹ́ni nínú wa ò fojú rí ibodè.

Ògúnyọmí yìí, ẹ̀gbọ́n mi ni. Bàbá kan náà ló bí wa.

Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn wa pẹ̀lú akèrègbè omi. Bí a ti ń gun òkè bọ̀, ó ti bu omi fún mi. "Ọkọ mi, gba omi mu," ló wí. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kì í dárúkọ rẹ̀.

Òun ló fa ìrìn náà. Ará Ìjerò kan wá tọrọ Àdùnní ọmọ rẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé ọmọ ọ̀dàlẹ̀ ni, ó ní òun ò lè mú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí wọ́n ń kọ ọmọ náà. Ni Àtọ́kẹ́ bá lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà Ọlọ́jà fún odidi ọjọ́ mẹ́fà, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àgbà gòkè lọ wo ibodè náà. Ọlọ́jà Awóṣùsì kò fẹ́ gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló pa á láṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ padà sí Òkè-Ugbá, pé àwọn òkú ibẹ̀ ń bínú. Ṣùgbọ́n ìbọn ti dákẹ́ ní Kírìjì láti ọdún tó kọjá, àwọn ìlú mìíràn ń padà sí ahoro wọn, Bàbá Ògúntóyìn alágbẹ̀dẹ, tó dàgbà jù nínú wa, sì ní òun fẹ́ fojú kan ibẹ̀ kí òun tó kú. Ọlọ́jà gbà nígbà tí kò rí ọgbọ́n mìíràn dá. Mo rò pé ó gbẹ́kẹ̀ lé ikán, pé á ti jẹ igi ibodè tán. Ó gbàgbé pé ìrókò ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn náà.

"Òjò ló mú igi wú," ni Ọlọ́jà wí.

"Ọlọ́jà, ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí," ni Àtọ́kẹ́ dáhùn.

A bẹ̀rẹ̀ sí í yí odi ká láti wá ibi tí a óò gbà wọlé, títí a fi dé ẹ̀yìn agbo ilé Ọlọ́jà fúnra rẹ̀, níbi tí òkè ti rọra dà sísàlẹ̀. Àtọ́kẹ́ ló kọ́kọ́ dúró.

"Kí rèé?"

Ihò ni, nínú odi. Kì í ṣe ihò tí ogun dá lu. Wọ́n ti fi igi ọ̀pẹ tẹ́ orí rẹ̀ dáadáa kí odi má baà wó, wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ mẹ́ta ṣe àtẹ̀gùn sí i, wọ́n sì fi amọ̀ rẹ́ etí rẹ̀ kó dán. Ẹni tó di epo sẹ́yìn lè bẹ̀rẹ̀ kọjá níbẹ̀. Nígbà ogun, a máa ń gbọ́ ọ fìrí pé ẹnì kan ń ta epo àti iṣu fún ibùdó ọ̀tá. A ò mọ ẹni náà. Ohun tí a mọ̀ ni pé lóru tí ìlú fọ́, ẹyọ ẹnì kan ò sọnù nínú agbo ilé Ọlọ́jà. A ní oògùn rẹ̀ ló jẹ́. A tilẹ̀ ń fi kì í!

Bàbá Ògúntóyìn fọwọ́ pa igi ọ̀pẹ náà, ó sì wo Ọlọ́jà títí.

A gba ibẹ̀ wọlé, a la ahoro kọjá, koríko ga nínú yàrá àwọn ènìyàn tí mo mọ̀, a sì dé ibodè láti inú. Ọ̀pá ìdábùú náà ṣì wà ní ipò rẹ̀ nínú ìkọ́ irin méjèèjì. Ní ìdí rẹ̀ ni eegun ènìyàn kóra jọ sí, ẹ̀gbà irin sì wà láàárín wọn.

"Èmi ni mo rọ ọ́," ni Bàbá Ògúntóyìn wí. "Ògúnyọmí ni mo rọ ọ́ fún."

Àtọ́kẹ́ ò sunkún. Ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ń ṣa eegun ọkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ ti rí i," ló wí. "Ẹ bá mi sọ ọ́ fún ùlú. Ẹ bá mi ránṣẹ́ sí Ìjerò. Mi ò bèèrè nǹkan mìíràn."

Nígbà tí Ọlọ́jà máa sọ̀rọ̀, kò pariwo. "Ẹ jẹ́ á rò ó. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún ùlú dó ni. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá délé, ulé á dìde sí ulé, a ó sì tú ká. Nítorí ọmọbìnrin kan?" Ó yíjú sí mi. "Fájẹ́misìn, oko etí odò, ta ni mo pín in fún? Uṣu ta ló wà níbẹ̀?"

Tèmi ni. Oko Ògúnyọmí ni tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ní ọmọ ọ̀dàlẹ̀ kì í jogún, wọ́n fi í lọ̀ mí, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo wolẹ̀. Inú ń bí mi sí ara mi bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n mo wolẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnu mi lọ," ni Bàbá Ògúntóyìn wí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà o.

"Ẹ yọ ọ̀pá yẹn," ni Ọlọ́jà pàṣẹ.

Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì dì í mú, wọn ò lè gbé e. Ó pè mí. Mo lọ. Àwa mẹ́ta kérora, a gbé e kúrò nínú ìkọ́, a sì fa ilẹ̀kùn. Ìtàkùn já, ìtẹ́ ẹyẹ já lulẹ̀, oòrùn sì wọlé bá wa.

Àtọ́kẹ́ gbójú sókè láti ìdí ẹrù rẹ̀. "Ọkùnrin mẹ́ta," ló wí. "Ẹ ní ọkọ mi nìkan ló dá a gbé. Ẹ̀yin rèé, ẹ̀yin lẹ ṣí i."

Èmi ni wọ́n rán sí Ìjerò lọ́jọ́ kejì. Bàbá ọkọ ìyàwó bi mí bóyá mo fojú ara mi rí ibodè náà. Mo ní mo rí i, pé ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo wà lóko etí odò, mò ń kọ ebè, nígbà tí Àtọ́kẹ́ dé. Ìborùn dídì náà wà lórí rẹ̀, Àdùnní sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọkọ́.

"Fájẹ́misìn," ló pè mí.

Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa, kò pè mí lórúkọ rí.

"Bàbá Àdùnní ni mo gbé wá. Fi ibi tí mo máa sin ín sí hàn mí, nínú oko rẹ."

Mo wo gbogbo ebè mi. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ omi, níbi àbàtà, níbi tí iṣu kì í ti í ta.