Gbólóhùn Mẹ́rin Nípa Go Sun-ok

"Chiyomi, o fo ibì kan," ni Bàbá Yokoji wí.

Chiyomi gbé ojú kúrò lára ìwé pẹlẹbẹ tó ń kà fún un. Bàbá náà nà gbalaja sórí ibùsùn lẹ́bàá fèrèsé. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú bí etí ajá. Fumie, ọmọbìnrin rẹ̀, jókòó tì í, ó ń bó ọsàn.

"Mi ò fo nǹkan kan, Bàbá. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyí."

"Lọ́jọ́ tí ìgbì dojú ọkọ̀ dé, ta ló fa bàbá mi jáde nínú omi?"

Chiyomi tún wo ojú ìwé náà. Ó mọ ẹni náà dáadáa.

Ní oṣù kẹrin ló gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ wá sínú yàrá yìí. Ẹgbẹ́ onítàn àdúgbò wọn ní erékùṣù Oki ní Japan fẹ́ tẹ ìwé nípa Takeshima, àwọn àpáta àárín òkun tí àwọn ará Korea ń pè ní Dokdo, tí Japan àti Korea ń bá ara wọn fà títí dòní. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ̀ pé àwọn bàbá ńlá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bàbá Yokoji sọ bí bàbá òun ṣe ń lọ kó ìgbín òkun níbẹ̀ lọ́dọọdún, àti bí ìgbì ṣe dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé lọ́jọ́ kan, tí okùn sì lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lábẹ́ omi. Obìnrin òmùwẹ̀ kan tí wọ́n háyà láti Jeju ní Korea ló bẹ́ sómi, tó gé okùn náà. Go Sun-ok lorúkọ rẹ̀. "Bí kì í bá ṣe obìnrin yẹn," ni bàbá náà wí lọ́jọ́ náà, "wọn ì bá má bí mi."

Nígbà tí Chiyomi ń da ohùn náà kọ, ọwọ́ rẹ̀ dúró níbi orúkọ yẹn. Ó ro ohun táwọn èèyàn máa sọ: ta ló mú ará Korea wọnú ìwé wa? Ó pa gbólóhùn mẹ́rin rẹ́, ó wá kọ ọ́ pé, "Wọ́n yọ ọ́ jáde." Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́.

Fumie gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ta ló ní kó o yọ ọ́?"

"Alága ẹgbẹ́ wa ni," ni Chiyomi dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀.

"Ikeba?" Bàbá náà yí ojú sí ògiri. "Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní odò wíwẹ̀. Sọ fún un pé kó má wá síbi ìsìnkú mi."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Chiyomi jáde lọ wá Alága. Ó bá Ikeba ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ létíkun, níbi tó ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ó dúró, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, àti ohun tó yọ àti irọ́ tó pa mọ́ ọn.

Ikeba nu ọwọ́ rẹ̀ títí. "Bó o bá bi mí, mi ì bá ní kó o yọ ọ́ lóòótọ́," ló wí. "Ìyẹn ló ń dùn mí. Ṣùgbọ́n o ò bi mí. O kàn so ó mọ́ mi lọ́rùn."

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá."

"Èmi kọ́ ni wàá bẹ̀. Máa kálọ."

Nígbà tí wọ́n dé yàrá náà, Chiyomi kúnlẹ̀ sórí ẹní. "Bàbá, èmi ni mo yọ ọ́. Alága ò mọ̀ sí i. Irọ́ ni mo pa."

Bàbá Yokoji kọjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ikeba wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, Bàbá."

"Sún mọ́ mi."

Ó na ọwọ́, Ikeba dì í mú. Bàbá náà kò dá Chiyomi lóhùn rárá. Fumie ló sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, tó sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Má retí pé kó sọ pé kò burú. Ó burú."

Àádọ́jọ ìwé ló ṣì wà nínú páálí. Chiyomi tẹ gbólóhùn mẹ́rin náà sórí bébà pélébé, ó fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n igba ìwé ti lọ sí ilé-ìwé mọ́kànlá, àwọn ọmọ sì ti ń kà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó tẹ́ orúkọ àwọn ilé-ìwé náà síwájú ara rẹ̀, ó gbé fóònù.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Nomizu Chiyomi lorúkọ mi. Ìwé kan wà lọ́wọ́ yín tí mo ba jẹ́."