Orúkọ Tí N Kò Gbọdọ̀ Pè

Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Ohun tí ìyá mi sọ sí mi létí nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n sin èmi Adédiwúrà lọ sílé ọkọ ní Ìkòsì, mo sì gbà á bí ẹni gba oògùn. Àbúrò ọkọ mi, Oyèbámijí (mo lè kọ ọ́ báyìí, ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀), kò ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ṣáájú mi délé, ọkọ mi ni. Pẹ́ńsù kì í kúrò létí rẹ̀, ni mo bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Nínú gbogbo ayé, èmi nìkan ni mò ń pè é bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 2006, Akọ̀wé fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Kò sẹ́ni tó bi í pé nítorí kí ni. Lọ́dọọdún tí odò Ògùn bá kún, omi á wọlé bá wa, a ó gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí búlọ́ọ̀kù. Omi yẹn náà ló gbé ìyá rẹ̀ lọ. Rahmon tí wọ́n jọ ń du tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ ń gbé orí òkè ní tiẹ̀, omi kò mọ ilé rẹ̀.

Èmi wà lára àwọn aṣojú wọ́ọ̀dù tó dìbò abẹ́lé, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Ketu. Wọ́n kọ orúkọ àwọn méjèèjì sára bọ́ọ̀dù, wọ́n ní kí kálukú kọ ti ẹni tó bá fẹ́ sínú ìwé, bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an. Mo mọ̀wé, ẹ má ṣì mí mú. Mo mú báírò, ọwọ́ mi dúró. Ọdún mẹ́tàlélógún ni ẹnu mi ti ń sá fún orúkọ yẹn, ọwọ́ náà ti kọ́ ọ. Obìnrin ẹ̀yìn mi ń kùn pé kí n ṣe kíá. Mo kọ Akọ̀wé, mo ká ìwé náà, mo jù ú sínú àpótí. Ìgbà tí mo jókòó tán ni mo rántí pé orúkọ tó wà lára bọ́ọ̀dù kọ́ ni mo kọ. Mo sáré lọ bẹ ọ̀gá tó ń darí ìbò, ó ní ohun tó bá ti wọ àpótí, ó ti wọ̀ ọ́ náà nìyẹn.

Wọ́n kà á lójú gbogbo wa. Rahmon ní mọ́kànlélọ́gọ́ta, Oyèbámijí ní ọgọ́ta. Ó ku ìwé kan. Ọ̀gá náà gbé e sókè.

"Ta ló ń jẹ́ Akọ̀wé níbí?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ká ní wọ́n ka ìwé yẹn mọ́ ti Oyèbámijí ni, ọ̀mì ni ì bá jẹ́, à bá tún ìbò dì. Wọ́n ní kò wúlò. Akọ̀wé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín níwájú. Ó yíjú padà, ó ń wá mi láàárín èrò títí ó fi rí mi. Ilẹ̀ kò lanu kí n wọlẹ̀.

Nígbà tí mo délé, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tí a fi ń gbé bẹ́ẹ̀dì sókè. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Kò bínú, ì bá sàn ká ní ó bínú. Ó ní kí n pe orúkọ òun, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo ní èèwọ̀ ni. Ó ní òun ń dúró.

"Oyèbámijí," ni mo wí.

Ó mi orí.

"Ẹ ò rí i, ìyàwó wa? Kò pa yín."