Ẹ́ńjìnnì Tí Fọ̀ọ́mọ́ Kò Fọ̀

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má tíì sọ̀rọ̀. Mò ń kà á lọ́wọ́.”

Fọ̀ọ́mọ́ mẹkáníìkì ti ki orí bọ inú jíìpù náà, ó tẹjú mọ́ iná kékeré kan níwájú ìjókòó awakọ̀. Ó ti fi wáyà kúkúrú so ihò méjì pọ̀ nínú àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, ó ti yí kọ́kọ́rọ́ láìjẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dáhùn, iná náà sì ń ṣẹ́jú. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó sinmi, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó tún un ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkọ̀ òde òní ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ̀ wọ́n lábẹ́ kí wọ́n tó jẹ́wọ́ àìsàn wọn, ṣùgbọ́n jíìpù tó ti ń gun òkè láti ìgbà tí Fọ̀ọ́mọ́ ṣì ń kọ́ṣẹ́ kò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ojú ló fi ń sọ̀rọ̀, ẹni tí kò bá sì ní sùúrù kò lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mẹrin,” ni ó wí nígbẹ̀yìn. “Mẹ́rìnlá ni.”

“Mẹ́rìnlá kan náà ni látọjọ́ yìí,” ni Ìyá Agbẹ̀bí dá a lóhùn láti orí àgbá tó fi ṣe àga, báàgì iṣẹ́ rẹ̀ lórí itan.

Fọ̀ọ́mọ́ kò ní láti ṣí ìwé kó tó mọ ìtumọ̀ mẹ́rìnlá, ó ti mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Iná tó yẹ kó máa ran epo nínú ẹ́ńjìnnì ló ń já lójijì. Nígbà àkọ́kọ́ tí ìyá náà mú ẹjọ́ yìí wá, ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Nígbà kejì, ó pààrọ̀ wáyà wọn. Nígbà kẹta, ó pààrọ̀ kọ́ìlì tó ń fún wọn níná. Ní gbogbo ìgbà ni iná ìkìlọ̀ náà ń kú, ní gbogbo ìgbà ló sì tún ń padà wá bí ẹni tó gbàgbé fìlà sílé onílé.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn ló burú jù. Jíìpù náà kú sáàárín òkúta lójú ọ̀nà òkè, Ìyá Agbẹ̀bí sì fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Nígbà tó fi máa débẹ̀, ọmọ ti dé, ìyá-ìyá rẹ̀ ló gbà á. Orí bá wọn ṣe é, tìyá tọmọ wà láyọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojoojúmọ́ là ń bọ́ lọ́wọ́ ewu.

“Ọ̀la ni mo fẹ́ lọ gbé aláboyún ìbejì kan sọ̀kalẹ̀ wá sílé ìwòsàn,” ni ìyá náà sọ. “Èyí tó ṣíwájú nínú àwọn ọmọ yẹn dábùú. Bí o kò bá lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ọkọ̀ yìí, sọ fún mi báyìí, kí n ní kí wọ́n gbé e wá lórí alùpùpù. Ìwọ náà mọ ojú ọ̀nà yẹn.”

Fọ̀ọ́mọ́ mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tó dá ṣáṣá gan-an, tó bá gun alùpùpù dé ìsàlẹ̀ òkè yẹn, á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ka eyín rẹ̀ ni. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó bí, ọwọ́ ìyá yìí ni gbogbo wọ́n bọ́ sí, kò sì fẹ́ kí tiẹlòmíì bàjẹ́ nítorí iṣẹ́ ọwọ́ òun.

Ìyá Agbẹ̀bí yọ ìwé kan nínú báàgì. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níṣẹ́ nìyẹn: ọjọ́, wákàtí, bí ọmọ ṣe ké, gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀, kò sì yọ jíìpù sílẹ̀. Fọ̀ọ́mọ́ náà mú ìwé iṣẹ́ tirẹ̀ wá, epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Wọ́n tẹ́ méjèèjì sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kejì tí jíìpù bá kúrò lọ́dọ̀ Fọ̀ọ́mọ́ gan-an ni iná máa ń tàn. Kódà, kó tó di pé ó wá pààrọ̀ ọ́ìlì lásán lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, iná náà kò tàn rí.

“Bí ọmọ mẹ́rin bá wá bá mi tí inú ń run wọ́n,” ni ìyá náà wí jẹ́jẹ́, “n kì í béèrè ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ. Ohun tí wọ́n jọ jẹ ni mo máa ń béèrè. Ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì, wáyà, kọ́ìlì. Kí lo ṣe fún un nígbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?”

Fọ̀ọ́mọ́ fẹ́ sọ pé kò sí. Ni ojú rẹ̀ bá lọ sára rọ́bà omi tó ká sórí ìṣó lára ògiri, búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ tó ń jáde nínú ọgbà yẹn láìwẹ̀, ìbáà ṣe táyà nìkan ni wọ́n lẹ̀ fún un. Yóò fi ọṣẹ bó ẹ́ńjìnnì, yóò fi omi ṣàn án, títí yóò fi máa dán gbinrin. Ohun tí wọ́n fi ń pè é ní Fọ̀ọ́mọ́ nìyẹn, orúkọ náà ló sì wà lára pátákó iwájú ọgbà.

Ojú tì í. Ó lè dákẹ́, kó yọ irin kan, kó dá a padà, kó ní òun ti rí i. Ta ni yóò mọ̀?

“Mo máa ń fọ̀ ọ́, mà,” ni ó sọ.

Ó fa rọ́bà, ó wọ́n omi díẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì láìfi aṣọ nù ún lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí ìyá náà tan ọkọ̀. Jíìpù wúkọ́, ó gbọ̀n, ó kú, iná ìkìlọ̀ sì tàn. Fọ̀ọ́mọ́ tú ìdérí oníke tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì. Ojú rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n nínú lọ́hùn-ún, ó ti sán tínrín bí irun orí, omi sì wà níbẹ̀. Nígbà tí jíìpù bá fi máa padà wá bá a, omi á ti gbẹ, ìdí nìyẹn tí kò fi rí i látọjọ́ yìí.

“Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù,” ni ó wí. “Èmi da omi, ẹ̀yin lẹ tẹ ilẹ̀. Ẹ má bínú, mà.”

Ìyá Agbẹ̀bí bú sẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ọmọ bá ti ń bọ́ sílẹ̀, omi làwọn ń sáré gbé. Ọdún pọ̀ kí wọ́n tó wá kọ́ àwọn pé kí ọmọ gbẹ ná, kó móoru láyà ìyá rẹ̀, ìwẹ̀ kò sá lọ.

“Mélòó ni mo ti wẹ̀ kí n tó gbọ́?” ni ó wí. “Àwọn ọmọ tìrẹ náà wà lára wọn. Fi ìyẹn sílẹ̀, jàre, ká ṣiṣẹ́.”

Jíìpù kan bíi ti ìyá náà ti kú sẹ́yìn ọgbà tipẹ́. Fọ̀ọ́mọ́ yọ ìdérí ti ibẹ̀, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó yẹ̀ ẹ́ wò nínú lóde kó tó dè é. Ó pa mẹ́rìnlá rẹ́ nínú iyè ọkọ̀, ó sì fúnra rẹ̀ wa jíìpù ìyá náà dé ìdajì òkè, ó la odò kékeré kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Iná kò tàn. Nígbà tó padà dé, eruku àti ẹrẹ̀ ti bo ẹ́ńjìnnì náà. Ọwọ́ rẹ̀ ti di búrọ́ọ̀ṣì mú kó tó mọ̀. Ó wò ó títí, ó gbé e sílẹ̀, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní yàrá tó kọjú sí ọgbà, na ọrùn jáde. Ó bi í bóyá ọṣẹ ló tán nílé, àbí kí wọ́n pa orúkọ ara pátákó rẹ́. Fọ̀ọ́mọ́ ní kó máa rán aṣọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án, ọkọ̀ akẹ́rù kan ló wà níwájú rẹ̀, ó ti tún un ṣe tán, rọ́bà omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí fóònù dún nínú àpò. Ìyá Agbẹ̀bí ló kọ̀wé ránṣẹ́ láti ilé ìwòsàn:

“Akọ kan, abo kan. Ara ìyá wọn le. Iná kò tàn rárá. Àwọn ọmọ kò tíì wẹ̀, jíìpù kò tíì wẹ̀, gbogbo wa wà dáadáa.”

Fọ̀ọ́mọ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó sáré kà á fún ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó padà sídìí ọkọ̀ akẹ́rù, ó pa omi, ó wá ọ̀rá méjì, ó sì rọra fi wọ́n di ìdérí tó ń pín iná lára rẹ̀ yíká kí omi má baà wọ̀ ọ́, kó tó tún ṣí omi díẹ̀.