Òṣùpá Méjì Lórí Búrẹ́dì

"Shama! Ta ló tẹ àmì sára búrẹ́dì tó lọ sílé ààrò láàárọ̀ yìí?"

Shama gbójú sókè nínú abọ́ tó ń fọ̀. Gilaasi tíì rẹ̀ kékeré ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹ̀fun ṣì lẹ̀ mọ́ ẹnu gilaasi náà. Àyà rẹ̀ já.

"Yé! Èmi ni, Lala Batul. Ẹ dákun, ọwọ́ mi ló ṣe é, kì í ṣe ọkàn mi."

Ààrò Jilali nìkan ni gbogbo obìnrin àdúgbò náà ní ìlú Meknes ń gbé búrẹ́dì tútù lọ yan. Jilali kì í béèrè orúkọ. Àmì tí ó bá wà lára búrẹ́dì ló fi ń mọ ilé tó ni ín. Ihò fọ́ọ̀kì ni ti ilé ààbò Lala Batul. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Shama ti wọlé ọkọ, ẹnu gilaasi yìí ló máa ń tẹ̀ sára búrẹ́dì, òṣùpá méjì tó kọjú síra. Dris ni ọkọ náà. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ni Shama sá fún tòun ti Nisrin, ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Bí Jilali bá gbé e fún ìyá ọkọ mi, wọ́n á mọ̀ pé a wà nítòsí. Dris sì ti búra pé òun á gba ọmọ lọ́wọ́ mi."

Lala Batul mí kanlẹ̀. "O mọ òfin ilé yìí. Ẹni tí àṣírí rẹ̀ bá tú, ìlú míì là ń mú un lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́, ọmọ mi."

Omijé bọ́ lójú Shama. Opó ni Lala Batul. Wúrà ìgbéyàwó rẹ̀ ló tà tó fi tún ilé bàbá rẹ̀ ṣe fún àwọn tí kò rílé gbé. Kò sí obìnrin tó kan ilẹ̀kùn yẹn rí tí Lala Batul ní kó padà wá lọ́la. Inú àgbàlá yìí ni Nisrin ti tún kọ́ ẹ̀rín rírín. Níbo ni wọ́n tún ti fẹ́ rí irú rẹ̀?

Gbà, gbà, gbà! Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Nisrin sáré wọ abẹ́ àtẹ̀gùn. Lala Batul so ìbòrí rẹ̀ le, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà bí àpáta.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Jilali. Búrẹ́dì yín ni mo gbé wá."

"Jilali tí kì í fi ààrò sílẹ̀ bí ilé tilẹ̀ ń jó? Dúró síta níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkùnrin kì í kọjá ibí."

Jilali dúró, ó dojú kọlẹ̀, èédú wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ṣí aṣọ lórí pátákó búrẹ́dì. Kò sí òṣùpá kankan. Ìlà ọ̀bẹ ló kún orí búrẹ́dì.

"Ìyá Dris wà lọ́dọ̀ mi nígbà tí pátákó yín dé. Mo yára fi ọ̀bẹ fa ìlà bò ó kó tó wọná. Kò rí nǹkan kan." Ó fọwọ́ kan etí pátákó náà. "Ó ti pẹ́ tí òṣùpá yẹn ti yọ nínú ààrò mi kẹ́yìn. Mo ti rò pé ẹni tó ni ín ti kú."

"Hẹn-ẹ́n!" Lala Batul ní. "Ṣé búrẹ́dì nìkan lo gbé wá, àbí o gbé ọkàn ẹ náà mọ́ ọn? Ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ẹni tó ni òṣùpá yẹn ò tíì parí o. Máa lọ síbi iná ẹ!"

Àwọn obìnrin inú àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Etí Jilali pọ́n bí ẹyin iná. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àyà Shama tún ń lù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìbẹ̀rù mọ́. Ọkùnrin kan ti fi ọwọ́ rẹ̀ bo òun láṣìírí, dípò kó fi lu òun.

"Tú ẹrù ẹ," Lala Batul sọ fún un. "Ṣùgbọ́n kọ́ ọwọ́ ẹ ní ibi tó wà báyìí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Shama po ìyẹ̀fun tán, ó na fọ́ọ̀kì sí Nisrin.

"Tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kó jinlẹ̀."

"Màmá, gilaasi ńkọ́?"

Shama bu tíì gbígbóná sínú gilaasi náà, ó já ewé míǹtì sí i.

"Tíì ni wọ́n ń fi í mu," ó ní, ó sì gbé e sẹ́nu.