Ohun Tí Sanda Kọ Sí Ìyá Rẹ̀

Nígbà tí Tíṣà Grigore pe ìpàdé òbí, ìyá àgbà nìkan ló kún kíláàsì. Ìyá àwọn ọmọ wà ní Ítálì, bàbá wọn wà ní Rọ́ṣíà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé onílé. Àwa arúgbó la jókòó sórí àga kéékèèké yẹn, orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wa.

Tíṣà ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ àgbègbè wa ti pàṣẹ pé kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní búlọ́ọ̀gì. Ó ní ojú-ewé kan ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ọmọ á máa kọ ọ̀rọ̀ sí, tí ẹnikẹ́ni sì lè kà níbikíbi tó bá wà láyé.

"Ẹnikẹ́ni kẹ̀?" ni mo bi í. "Títí kan àwọn olè?"

Agafia aládùúgbò mi dá mi lóhùn. "Paraschiva, kí ni olè fẹ́ jí nílé rẹ? Ewúrẹ́ rẹ tó ya wèrè yẹn?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, àmọ́ èmi náà rẹ́rìn-ín. Tíṣà dúró kí ariwo rọlẹ̀, ó wá ní, "Ẹ̀yin màmá, àwọn ìyá wọn á lè kà á lọ́hùn-ún. Wọ́n á mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ wọn." Ta ló fẹ́ sọ pé rárá sí ìyẹn?

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Sanda, ọmọ-ọmọ mi obìnrin, nígbà tí ìyá rẹ̀ fi í sílẹ̀ fún mi. Ó ti pé mọ́kànlá báyìí. Rodica ìyá rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ń tọ́jú ìyá arúgbó kan ní Padova ní Ítálì. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń bọ́ ọ, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ ló ń sùn. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ tèmi, òkété olókèté ló ń fún lọ́mú. Mo ti sin ọkọ, mo ti sin gbogbo àwọn àbúrò mi. Bí kì í bá ṣe ti Sanda, kí ni mo tún fẹ́ jí sí láàárọ̀?

Rodica máa ń pè lọ́jọ́ Sunday. Ní abúlé wa, a kì í sọ nǹkan burúkú lórí fóònù. Ta ló fẹ́ kí ọmọ òun máa sunkún nílé onílé? Bí òrùlé bá ń jò, a ó ní òjò rọ̀ dáadáa. Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá kú, a ó ní ẹran wọ́n lọ́dún yìí. Nígbà tí yìnyín gbé mi ṣubú létí kànga tí ìbàdí mi yẹ̀, mo ní òtútù díẹ̀ ló mú mi. Mo ranjú mọ́ Sanda, òun náà sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mama, ara Màmá àgbà le."

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, Sanda nìkan ni mo rí. Òun ló ń pọnmi, òun ló ń ro mamaliga, òkèlè àgbàdo wa, òun ló ń dáná sí ààrò kí ó tó lọ sílé-ìwé. Bí mo bá jágbe mọ́ ọn, á ní, "Màmá àgbà, ẹ tún pariwo díẹ̀ sí i, ewúrẹ́ ò tíì gbọ́." Ẹ wo ọmọ ọ̀hún, ẹnu rẹ̀ mú!

Nígbà tí yìnyín yọ́, mo ti ń fi ọ̀pá rìn nínú ilé. Ọjọ́ kan ni Tíṣà wọlé, ayọ̀ hàn lójú rẹ̀ kedere. Ó ní òun ní kí àwọn ọmọ kọ nípa iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù, àti pé ti Sanda ló dára jù ní gbogbo àgbègbè wa. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó kà á sí mi létí:

"Mo lágbára ju gbogbo ọmọ kíláàsì wa lọ. Mo lè gbé omi láti kànga láìsinmi. Mo mọ bí a ṣe ń yí àgbàlagbà padà lórí ibùsùn kí ẹ̀yìn wọn má baà di egbò. Màmá àgbà mi ò fẹ́ kí n rí àwọn ní ìhòòhò, torí náà mo máa ń dijú tí mo bá ń wẹ̀ wọ́n. Mama, iṣẹ́ kan náà lèmi àti ẹ̀yin ń ṣe. Ṣé inú yín dùn sí mi?"

"Tíṣà, pa á rẹ́! Pa á rẹ́ kíá!"

"Màmá, kí ló dé? Ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì yìn ín."

"Ọ̀gá yín ò kàn mí! Ṣé Rodica ti kà á?"

Ó wolẹ̀. "Ó ti kà á. Ó fèsì sísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní, 'Mò ń bọ̀.'"

Bí Sanda ṣe wọlé tó sì gbọ́, ó fò sókè, ó ń jó káàkiri yàrá. "Mama ń bọ̀! Màmá àgbà, ó wù wọ́n! Ohun tí mo kọ wù wọ́n!" Ọwọ́ mi ń yún mi láti gbá a létí. Mo fà á mọ́ra.

Rodica dé, kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

"Màámi, ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ń wẹ̀ yín?"

"Ta ló ní kí o lọ?"

"Ebi ni, Màámi. Ẹ̀yin náà mọ̀. Mò ń mú un lọ sí Padova. Mo ti bẹ ọ̀gá mi, wọ́n ní àyè ọmọ kan péré ló wà."

"Ara mi ti yá. Jókòó síbẹ̀ kí o máa wò mí."

Mo ju ọ̀pá nù, mo gbé garawa, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ sídìí kànga. Mo fa omi yẹn jáde, Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe fà á. Rodica dúró lẹ́nu ọ̀nà, Sanda ń pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kalẹ̀!" Mo dé ìdí igi àsálà, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Inú ẹrọ̀fọ̀ ni wọ́n ti gbé mi.

Rodica bọ́ aṣọ lára mi, ó wẹ̀ mí. Kò sí ibi tó dùn mí. Ó mọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ lọ kí n tó sọ, ó mọ bí a ṣe ń gbé orí arúgbó kí ọṣẹ má wọ̀ ọ́ lójú. Láyé mi, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn mí jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo sunkún, ó rò pé omi ló gbóná jù.

Nígbà tó ṣe, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń lọ sí Ítálì dúró lójú títì. Sanda ti wọ kóòtù, kò kúrò níwájú ibùsùn mi.

"Mama, ta ló máa wá wẹ Màmá àgbà?"

"A máa gba ẹnìkan. Màá máa sanwó fún un."

"Ta ni?"

"Ọmọ Ìyá Agafia."

"Bologna ni wọ́n wà."

"Nina ńkọ́?"

"Wọ́n ti bá àbúrò wọn lọ sí Róòmù."

Gbogbo obìnrin abúlé wa tó lápá láti gbé arúgbó dìde, arúgbó àwọn ará Ítálì ni wọ́n ń gbé. Dẹ́rẹ́bà fọn fèrè.

"Ẹ máa lọ," ni mo wí. Mo kọjú sógiri.

"Mi ò lọ! Màmá àgbà, ẹ má bínú, mi ò ní kọ nǹkan kan mọ́! Mi ò ní kọ nǹkan kan mọ́ láéláé!"

Mo gbọ́ ohùn Rodica tó ń pẹ̀tù sí i, mo sì mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń tú ìka ọmọ náà kúrò lára ibùsùn mi lọ́kọ̀ọ̀kan.