Ikọ́ Inú Orin Bàbá Earlene

"Ikọ́ ẹyọ kan péré, Mà," ni Ọ̀gbẹ́ni Crenshaw, alága àjọ̀dún orin ìlú Helena, ń bẹ̀bẹ̀. "Tí ẹ bá ti wúkọ́ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo èrò á bá yín wúkọ́. Ó parí!"

Earlene Pettway kò gbójú kúrò lára ẹ̀wà tútù tó ń bó. "Ṣé ikọ́ ló pa bàbá tìẹ náà?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́," ni Rodell ọmọ rẹ̀ sọ. "Àlejò lọkùnrin yìí."

"Àlejò wo? Ìta yìí ló ti ń sáré kiri ní ìhòòhò nígbà tó wà lọ́mọdé!"

Ọdún 1951 ni bàbá Earlene kọ orin náà sínú àwo, nígbà tí orin rọ́ọ̀kì ò tíì lórúkọ. Ikọ́ gbé e ní ẹsẹ kẹta. Ọ̀lẹ ni ẹni tó ń gba orin sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun tó tún orin náà kọ rò pé àwàdà ni, àwọn náà wúkọ́. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù gbà á lẹ́nu wọn, wọ́n wúkọ́. Dòní olónìí, ẹni tó bá ń fi gìtá kọ́ orin náà, á kọ́ ikọ́ mọ́ ọn. Kí ọdún 1951 yẹn tó parí, ikọ́ ẹ̀gbẹ ti gbé bàbá lọ. Earlene, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló ń fọ aṣọ tó ń pọ ẹ̀jẹ̀ sí.

"Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, Mọ́mì."

"Ìfẹ́! Ta ló bi mí léèrè rí ohun tí bàbá mi fẹ́ sọ kí ikọ́ tó dí i lẹ́nu? Ìwọ náà ńkọ́, o bi mí?"

Rodell ti ń fi gìtá kọ orin náà láti kékeré. Kò béèrè rí.

"'Kò tíì rẹ̀ mí.' Ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn. Màá wá, Crenshaw. Ṣùgbọ́n orin ni màá kọ, mi ò ní wúkọ́."

Ní ọ̀sán Sátidé, Earlene dúró lórí pèpéle, Rodell ń ta gìtá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n dé ẹsẹ kẹta. Ó la ẹnu, ó kọ 'Kò tíì rẹ̀ mí' ketekete. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, àfi Rodell.

Rodell gbé gìtá kalẹ̀ láàárín orin, ó di apá ìyá rẹ̀ mú, wọ́n sì rọra ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn èrò rò pé ara eré ni. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́.