Mú Wa Délé ní Oṣù Kejìlá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbé Missouri City, lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ sì ní ọmọ níléèwé, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe Kérésìmesì ló ń pàṣẹ ilé yín, kàlẹ́ńdà iléèwé ni. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejìlá làwọn ọmọ máa gba ìsinmi winter break, ọjọ́ náà nìyẹn. Ẹ yọ ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kẹ́ ẹ wo bí lẹ́tà iléèwé ṣe máa tẹ̀ lé yín délé. Mojọlá mọ èyí dáadáa. Láti oṣù Kìíní ló ti lẹ kàlẹ́ńdà náà mọ́ ara fíríìjì, tó fi bírò pupa yí ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejìlá ká títí dé ọjọ́ karùn-ún oṣù Kìíní. Ọjọ́ méjìdínlógún péré.

Nọ́ọ̀sì ni Mojọlá. Ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ìsinmi nígbà Kérésìmesì gbọ́dọ̀ fi ṣíṣe iṣẹ́ lọ́jọ́ ọdún mìíràn dí i. Ó fi Àjíǹde dí i. Ó fi Thanksgiving dí i: lọ́jọ́ táwọn ẹlòmíì ń jẹ tòlótòló, òun ń yí aláìsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Justin, ọ̀gá wọn ní wọ́ọ̀dù, ní òun ò rí ẹni tó ń ya wèrè iṣẹ́ báyìí rí. Mojọlá kàn rẹ́rìn-ín ni. Kò ya wèrè. Ìyá rẹ̀ ló wà ní Ìmẹ̀sí-Ilé tí ojú wọn ń kú lọ. Dókítà ti sọ ọ́ láì fi epo bọ iyọ̀: kó tó di Àjíǹde tó ń bọ̀, ojú náà lè má ríran mọ́. Màmá ò sì tíì rí Olúwatọ́mi rí, àfi nínú fóònù, ọmọ náà sì ti pé ọdún mẹ́fà.

"Mo fẹ́ mọ ẹni tó jọ," ni màmá máa ń wí lọ́jọọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n bá pè wọ́n. "Ti inú fóònù yìí, bí ẹni ń wo èèyàn nínú omi ni. Ọjọ́ mélòó ló kù?"

Fúnṣọ́, ọkọ Mojọlá, kò sọ pé rárá. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Fúnṣọ́ gan-an ló sọ ọ́ di àdúrà. Láràárọ̀, kó tó bọ́ sórí títì freeway lọ síbi iṣẹ́ ẹnjiníà rẹ̀, òun àti ìyàwó àti ọmọ méjèèjì, Tókunbọ̀ àti Tọ́mi, á di ọwọ́ ara wọn mú ní pálọ̀. Fúnṣọ́ á dijú: "Olúwa, mú wa délé ní oṣù Kejìlá." Mojọlá á pariwo "Àmín!" ju gbogbo wọn lọ. Àbí ta ni Yorùbá tó wà ní Houston tí ò mọ ibi tó ń jẹ́ ilé? Ibi tá à ń gbé là ń gbé, ilé nilé.

Ní oṣù Kẹjọ, Fúnṣọ́ fúnra rẹ̀ ló wakọ̀ fún wákàtí méjìlá lọ sí Atlanta, níbi tí ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà wà, kí wọ́n lè gba pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà fáwọn ọmọ. Ó ń súfèé lójú ọ̀nà. Nígbà tí Mojọlá béèrè tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Gbogbo ẹ̀ ti wà létò." Obìnrin tí iṣẹ́ ti pa, tó sì fọkàn tán ọkọ rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ fún un.

Ní Ọjọ́rú, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí iléèwé tì, Mojọlá lọ gbé Tọ́mi. Tíṣà ọmọ náà wá bá a lẹ́nu fèrèsé ọkọ̀, ó gbé káàdì ńlá kan lọ́wọ́ tí gbogbo kíláàsì ti kọ orúkọ sí.

"Àárò ẹ̀ máa sọ wá gan-an," ni tíṣà wí. "Àwọn ará iléèwé Fulshear rí ọmọ gidi gbà."

Fulshear kẹ̀, ìlú kejì lọ́hùn-ún? Mojọlá rò pé ó ṣi òun mú fún ìyá ọmọ mìíràn ni. Tíṣà ní rárá o, bàbá Tọ́mi ti wá buwọ́ lùwé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn ọmọ méjèèjì ò ní padà wá mọ́. Iléèwé tuntun ni wọ́n máa wọ̀ lọ́jọ́ kẹfà oṣù Kìíní. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ti ń fun fèrè, Mojọlá ní láti sún síwájú.

Agogo márùn-ún àbọ̀ ni Fúnṣọ́ dé. Mojọlá gbé káàdì náà síwájú rẹ̀.

"Dádì Tókunbọ̀, ẹ bá mi ka èyí."

Fúnṣọ́ kà á, ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ o, ó rẹ́rìn-ín! "Mo fẹ́ fi yà ọ́ lẹ́nu ni. Mo ti rí ilé rà fún wa ní Fulshear. Yàrá márùn-ún, àgbàlá gbòòrò! Ọjọ́ Ajé, agogo mẹ́wàá, la máa lọ buwọ́ lùwé. Ìwọ náà gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilé ti bọ́ nìyẹn. A ó fi winter break kó ẹrù. Ìsinmi tó o gbà bọ́ sí i gẹ́ẹ́."

"Ìmẹ̀sí-Ilé ńkọ́?"

"Ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Ojú ìyá mi ńkọ́?"

"Mojọlá, ṣé mo purọ́ ni? Àdúrà wo là ń gbà? Mú wa délé. Ilé kọ́ nìyí? Ilé làbọ̀ ìsinmi oko."

Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Mojọlá wo ẹnu tó ń bá a bẹ Ọlọ́run láràárọ̀.

"Láti ìgbà wo ni ilé ti di Fulshear?"

"Oṣù Karùn-ún."

Oṣù Karùn-ún! Oṣù Kẹjọ ni wọ́n lọ Atlanta. Wákàtí méjìlá àlọ, méjìlá àbọ̀, ó ń súfèé, ó sì mọ̀. Ìyẹn ló dun Mojọlá wọra ju ilé náà lọ. Òun ló fi ẹnu ara òun bẹ Ọlọ́run kí òun má rí ìyá òun.

"O mọ̀," ló wí.

Fúnṣọ́ gbójú sókè. Láti ọdún mẹ́tàlá tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ni Mojọlá ń bá a sọ. "Èmi lò ń sọ 'o' sí?"

"Ìwọ ni. O mọ̀, o sì jẹ́ kí n máa ṣe Àmín."

"Ká ní mo sọ fún ẹ, ṣé o máa gbà ni?"

"Rárá."

"O wá rí i." Ó dìde, ó lọ ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ kejì, Mojọlá pe Nímọ́tà, nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀ tí àbúrò rẹ̀ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ku àyè mẹ́ta nínú ọkọ̀ òfuurufú agogo mọ́kànlá àbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó gbà á. Ó wá ń di ẹrù nínú ilé láìsọ̀rọ̀, Fúnṣọ́ sì ń sọ fáwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé ìyàwó òun ti gba kámú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, màmá béèrè bó ṣe máa ń béèrè: "Ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Ọ̀la la ó gbéra, mà."

"Fúnṣọ́ náà ń bọ̀?"

"Iṣẹ́ ò jẹ́, mà."

"Bá mi kí i o. Ọkọ rere ni, tó ń kó yín ránṣẹ́ sí mi." Mojọlá ní òun máa kí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n di ọwọ́ mú ní pálọ̀. Fúnṣọ́ ní, "Olúwa, òní lo mú wa délé." Mojọlá ṣe Àmín. Fúnṣọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí wọ́n má pẹ́, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú ogún ni fóònù dún.

"Níbo lo wà? Gbogbo èèyàn ti jókòó, ìwọ la ń dúró dè."

"À ń lọ sílé."

"O ti kọjá síbẹ̀?" Fúnṣọ́ mí kanlẹ̀. "Ọ́fíìsì la kọ́kọ́ ń wá kí wọ́n tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́. Ó yá, ẹ yí padà."

Tókunbọ̀ ń fa àpótí lẹ́yìn wọn. Tọ́mi di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. "Mọ́mì," ló wí pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń há lẹ́nu, "ṣé Grandma máa rí mi?"

"Wọ́n máa rí ẹ." Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ké lókè orí wọn, ó ń pe àwọn tó ń lọ sí Èkó.

"Ariwo kí nìyẹn?" Ohùn Fúnṣọ́ yí padà. "Mojọlá! Ilé wo lẹ̀ ń lọ?"

Omi ń bọ́ lójú Mojọlá, kò sì nù ún.

"Ilé tí mo ń ṣe Àmín sí."